Ẹ má tíì fín oògùn ikán: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nípa èèrà gbẹ́nàgbẹ́nà

Ní Pópó Àgùdà àti Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta, níbi tí fèrèsé onígi àtijọ́ ṣì kù, bí èérún pákó bá ti dà sílẹ̀ báyìí, ikán la máa ń kà á sí lọ́rùn. Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ba wò ó. Bí ẹsẹ̀ àti ìyẹ́ kòkòrò tó ti kú bá wà láàárín èérún náà, èèrà gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Kì í jẹ igi rárá. Ó ń gbẹ́ ẹ fi ṣe ilé ni, ó sì ń kó èérún rẹ̀ dà síta. Ojú ihò rẹ̀ máa ń dán bíi pákó tí wọ́n fi sáńpépà fá. Ti ikán inú ilẹ̀, ẹrẹ̀ ló máa wà níbẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni fífín oògùn sára àwọn tó ń tò lórí ògiri. Díẹ̀ lára òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Ayaba wà nínú ilé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń mu nǹkan dídùn níta, tí wọ́n ń bì í sí ara wọn lẹ́nu títí tó fi kàn án. Oògùn tó ń pa wọ́n lójú ẹsẹ̀ ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdẹ aládùn tó ń pani díẹ̀díẹ̀ ló lè dé ibẹ̀, ẹ ṣáà gbé e jìnnà sọ́mọdé, ẹ má sì fín nǹkan kan sí tòsí rẹ̀.

Ẹ má wá ilé wọn lọ́sàn-án. Òru ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ tẹ̀ lé èyí tí ikùn rẹ̀ ti wú, torí ilé ló ń padà sí. Nígbà míì, igi máńgòrò ẹ̀yìn ògiri ló ti ń bọ̀.

Àwọn tí orí wọn tóbi láàárín wọn kì í ṣe ọba o. Abo ni gbogbo òṣìṣẹ́, ńlá àti kékeré. Akọ kò ní iṣẹ́ ju kó gun ayaba kó sì kú. Lẹ́yìn òjò ni akọ àti ayaba tuntun ń fò. Ayaba á gé ìyẹ́ ara rẹ̀ dànù, á wọnú ihò kékeré, á dí i pa, á sì fi ọ̀rá ara rẹ̀ bọ́ àwọn ọmọ àkọ́kọ́, tí wọ́n máa ń kéré gan-an. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn tí orí wọn tóbi ń dé. Bí ẹ bá ti ń rí wọn, ilé náà ti pẹ́.

Igi tó ti rin tó sì ń jẹrà ló rọrùn fún wọn jù. Ẹ má pààrọ̀ férémù láì tíì tún páànù tó ń jò ṣe, tàbí páìpù ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kán sí i.