Ẹ béèrè kí ẹ tó kọ oògùn: títọ́jú odindi ènìyàn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru

Ní 1977, dókítà George Engel ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé ìṣègùn tó bá ń wo ẹ̀yà ara nìkan kò tó: ọkàn aláìsàn àtàwọn tó ń bá a gbé wà nínú àìsàn náà. Ṣáájú ìgbà náà, láti 1954, ni Adéoyè Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, ti fi irú èyí ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó wà ní Aró, l'Abẹ́òkúta. Nígbà náà, abúlé ni aláìsàn ń gbé, ẹbí rẹ̀ ń dáná fún un, dókítà ń fún un lóògùn, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà sì ń bá wọn ṣiṣẹ́.

Èyí kò ní ká má wọn ẹ̀jẹ̀ dáadáa o. Kí aláìsàn kọ́kọ́ sinmi fún ìṣẹ́jú 5, kó fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹlẹ̀, kó má sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbànú tí a ń wé mọ́ apá láti fi wọ̀n ọ́n, bó bá kéré lórí apá tó tóbi, máa ń gbé iye ga ju bó ṣe yẹ. Bó bá jẹ́ 180/120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àyà ń dùn ún tàbí tí kò lè mí dáadáa, pàjáwìrì nìyẹn. Ìbéèrè dúró ná.

Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè pé: "Mà, kí lẹ rò pé ó fà á?" Kí ẹ sì dákẹ́. Ọ̀pọ̀ á ní ìrònú ni. Ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ ọjọ́ tí orí bá ń fọ́ ọ nìkan ló máa lo oògùn. Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ń ga lọ́jọ́ tí ọkàn balẹ̀ pàápàá, láìsí àmì kankan.

Lẹ́yìn náà: "Báwo lẹ ṣe lo ọjọ́ àná, láti ìgbà tẹ́ ẹ jí?" Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ máa ń wà. Ìyálọ́jà tí ẹ fún ní oògùn tó ń mú ni tọ̀ láàárọ̀, tí kò sí ilé ìtọ̀ lọ́jà rẹ̀, ó dájú pé á fò ó. Ẹ sún un sí ìgbà tó bá délé nírọ̀lẹ́, kó má jẹ́ alẹ́, kí ìtọ̀ má baà gba oorun rẹ̀. Tàbí ẹ pààrọ̀ oògùn. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5 lóòjọ́, bí ṣíbí tíì kan, a sì ka ti Magí mọ́ ọn. Ẹni tó ń dáná ni kí ẹ bá sọ ọ́.

Ẹ béèrè àgbo pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó gbé ìgò rẹ̀ wá: ṣé ọtí ni wọ́n fi rẹ ẹ́? Ẹ béèrè oògùn orúnkún náà, torí ibuprofen àti diclofenac máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ga. Ẹni tí ẹ bá bú lẹ́ẹ̀kan kò ní sọ mọ́.

Ẹ kọ ohun tó sọ sínú káàdì ní gbólóhùn kan, bíi "kò sí ilé ìtọ̀ lọ́jà". Bó bá padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ bi í.