Ẹ yọ owó ìfiránṣẹ́ kúrò kí ẹ tó fowó lé ọjà gbàǹjo

Iṣẹ́ aránṣọ ni mo ń ṣe ní Peckham, nílùú London. Ní 2023, ilé bọ́bìnì máṣíìnì mi sán, aṣọ ẹbí èèyàn mẹ́rìndínlógún sì wà nílẹ̀ tí mi ò tíì rán. Mo sáré bọ́ sórí eBay, ìkànnì tí wọ́n ti ń tajà, mo rí ọ̀kan ní gbàǹjo, 99p. Mo fowó lé e, wọ́n lù ú fún mi. Ìgbà tí mo fẹ́ sanwó ni mo tó rí i pé owó ìfiránṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ £7.95.

Àpòòwé pẹlẹbẹ kan ló dé, ó fúyẹ́ bí ewé. Lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ní pósí ọ́fíìsì kò fi ohunkóhun pamọ́: £1.55. £6.40 ti wọ àpò ẹni tó tà á lórúkọ ìfiránṣẹ́. Ó dùn mí gan-an, torí pé baba tó ń tún máṣíìnì ṣe ládùúgbò wa ń ta irú rẹ̀ ní £5.

Ojú wa ni wọ́n ń fi 99p fà. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Tanjim Hossain àti John Morgan, dán an wò lórí eBay, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006. Wọ́n gbé irú CD kan náà kalẹ̀ lọ́nà méjì: ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ní $4 láìsí owó ìfiránṣẹ́, èkejì bẹ̀rẹ̀ ní $0.01, owó ìfiránṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ $3.99. $4 náà ni méjèèjì. Síbẹ̀, ti $0.01 ni èrò wọ́ lọ bá, òun ló sì pa owó jù. Nígbà kan rí, orí iye ọjà nìkan ni eBay ti ń gba kọ́míṣọ̀n, nítorí náà ẹni tó bá kó èrè rẹ̀ sábẹ́ owó ìfiránṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ kọ́míṣọ̀n. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 2011 ni wọ́n dí ihò yẹn. Àṣà náà ò bá a lọ.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí rèé. Tí mo bá ń wá ọjà, mo máa ń ní kí eBay tò ó ní "Price + Postage: lowest first", ìyẹn iye ọjà pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́, kí èyí tó kéré jù ṣáájú. Ọ̀pọ̀ 99p ló máa ń já wálẹ̀ pátápátá lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín pé: bí wọ́n bá gbé ọjà yìí wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, èló ni mo máa san? Ká ní £12. Bí owó ìfiránṣẹ́ bá jẹ́ £7.95, ẹ yọ ọ́, ó ku £4.05. £4.05 yẹn ni kí ẹ tẹ̀ síbi "maximum bid" (iye tó ga jù tí ẹ fẹ́ fi lé e), kí ẹ sì gbé fóònù sílẹ̀. eBay fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbé owó yín sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹlòmíì bá dé, kò sì ní kọjá ibẹ̀. Ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn ló ń pa wá: 50p lórí 50p, a ò rántí £7.95 mọ́, inú ń bí wa sí ẹni tí a ò mọ̀ rí. Ẹ jọ̀ọ́, bó bá kọjá £4.05, ẹ jẹ́ kó lọ.

Ẹ wo bóyá owó tí wọ́n pè bá ẹrù náà mu. Ohun tí kò bá ju 35.3 × 25 × 2.5 cm lọ, tí kò sì wúwo ju gíráàmù 750, Large Letter (lẹ́tà ńlá) ni Royal Mail, ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ UK, ń pè é. Abẹ́rẹ́, síìpù, ilé bọ́bìnì, gbogbo wọn ló ń wọ ibẹ̀. Ẹ ṣírò iye rẹ̀ lórí ìkànnì wọn, kí ẹ fi nǹkan díẹ̀ kún un fún àpòòwé àti ìrìn ẹsẹ̀. Ìyẹn tọ́ sí ẹni tó tà á. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, ẹ kọ̀wé béèrè kí ẹ tó fowó lé e, torí pé bí wọ́n bá ti lù ú fún yín, ọ̀rọ̀ ti di gbèsè. Bí ẹ bá fẹ́ ra mẹ́ta lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ béèrè bóyá ó máa dì wọ́n pọ̀.

Bí ọjà bá dé tí kò rí bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni dá 99p nìkan padà fún yín. Money Back Guarantee, ìlérí eBay láti dá owó oníbàárà padà, kan owó ìfiránṣẹ́ tí ẹ san pẹ̀lú.

Èmi náà ń ta àṣẹ́kù ankara. Mo gé ihò tó fẹ̀ ní 2.5 cm sára páálí kan. Láàárọ̀ yìí, ankara yáàdì mẹ́ta, gíráàmù 430 lórí òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun, kò gba inú ihò náà kọjá. Mo tú u, mo tún un ká, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi gba ibẹ̀ kọjá. Owó Large Letter ni mo kọ sí i.