Ẹ Wọn Òòfà Mọ́tò Ọ̀kadà Oníná Lẹ́ẹ̀mẹ́ta Kí Ẹ Tó Náwó

Ó ti sú mi kí èèyàn ra bátìrì méjì, kó pààrọ̀ kọ̀ǹtírólà (àpótí tó ń darí iná lọ sí mọ́tò), kó tó gbé ọ̀kadà oníná dé ọ̀dọ̀ mi nígbà tí owó ti tán. Òòfà inú mọ́tò tó ń yí táyà rẹ̀ ló ti rẹ̀, kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n wò.

1. Ẹ má fi sípánà dán òòfà wò. Èyí tí ìdá kan nínú márùn-ún agbára rẹ̀ ti lọ ṣì máa gbá sípánà mú gírígírí. Ẹ tú mọ́tò kúrò lára kọ̀ǹtírólà, ẹ yí i, kí ẹ wọn fólítì láàárín méjì nínú wáyà rẹ̀ mẹ́ta.

2. Ẹ kọ iye ìyípo rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan sílẹ̀. Láìsí i, fólítì yẹn kò wúlò: ní ìyípo kan náà ni òòfà tó ti rẹ̀ ti ń mú fólítì tó kéré wá.

Èyí tó ń dùn mí jù ni wíwọn mọ́tò nígbà tó tutù nìkan. Òòfà neodymium ń pàdánù nǹkan bíi 0.12 nínú 100 agbára rẹ̀ fún dígírì Celsius kọ̀ọ̀kan. Láti 25 dé 95, ó lé ní 8 nínú 100. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn, tó bá tutù á padà. Àmọ́ bó ṣe ń gbóná, agbára tó fi ń ta ko iná kọ́ìlì ń yára dín kù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá wá fipá gun òkè, ohun tó bá lọ níbẹ̀ kì í padà mọ́. Òòfà neodymium tí wọ́n kọ N àti nọ́ńbà sí, tí kò ní lẹ́tà kankan lẹ́yìn nọ́ńbà náà, kì í sábà kọjá dígírì 80. Èyí tó ní H lẹ́yìn ń dé 120, SH ń dé 150.

Bàbá kan gbé tiwọn wá, wọ́n ní kì í lè gun òkè Mọ́kọ́lá mọ́. Mo wọ̀n ọ́n láàárọ̀: fólítì 19 ní ìyípo 300 ní ìṣẹ́jú kan. Mo ní kò ṣe é ní nǹkan kan, kí wọ́n lọ ra kọ̀ǹtírólà. Wọ́n rà á. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n padà wá. Ìgbà yẹn ni mo tó wọn irú mọ́tò náà tó jẹ́ tuntun: fólítì 24 ní ìyípo kan náà. Mo tú ti bàbá: wáyà bàbà rẹ̀ ṣì ń dán, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù tó di òòfà mú ti pọ́n bíi kọfí. Òòfà tó ti rẹ̀ ń béèrè iná púpọ̀ sí i lórí òkè kan náà, iná yẹn ń mú un gbóná, ooru sì tún ń pa á lọ. Owó bàbá yẹn ṣì ń dùn mí.

Ẹ̀yin tó ń fi FEMM (ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò agbára òòfà) ṣe ìṣirò, iye tí olùtajà òòfà kọ sórí ìwé, ti nǹkan bíi dígírì 20 ló sábà máa ń jẹ́, kì í ṣe ti mọ́tò tó ti gbóná.

Ẹ wọ̀n ọ́n ní tútù, ẹ gùn ún, ẹ wọ̀n ọ́n ní gbígbóná, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Tí ìkẹta kò bá bá ti àkọ́kọ́ mu, ẹ má ra bátìrì. Gbogbo mọ́tò tuntun tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, inú ìdérí rẹ̀ ni mo ń kọ fólítì, ìyípo àti ọjọ́ sí.