Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Wá Dókítà Fún Ẹṣin Wa Ní Òkè Ọya

Àwa Yorùbá tí a ń sin ẹṣin ní Abuja, Kàdúná tàbí Ìlọrin, a mọ ẹni tó ń rán gàárì tó dára, a mọ ibi tí a ti ń ra ìjánu, a sì lè jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú lórí ìdílé tí ẹṣin rẹ̀ wuyì jù ní Ojúde Ọba. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọ̀pọ̀ nínú wa pé ta ni dókítà ẹṣin yín. Ẹ ó rí i tí wọ́n á máa wá nọ́ńbà kiri inú fóònù.

Àṣìṣe tó burú jù nìyẹn, ká dúró dìgbà tí ẹṣin bá dùbúlẹ̀ ká tó máa wá dókítà. Nínú ohun tó ń yára pa ẹṣin, inú rírun wà níwájú. Ẹṣin á máa fi pátákò walẹ̀, á máa bojú wo ìhà rẹ̀, á máa yí gbirigbiri, kò sì ní yàgbẹ́. Ẹṣin kò lè bì. Bí ọ̀nà bá ti dí nínú rẹ̀, ohun tó kún inú kò ní ibi tí yóò gbà jáde, àpò tó ń gba oúnjẹ sì lè bẹ́. Dókítà tó mọ iṣẹ́ á ti rọ́bà gígùn gba ihò imú wọlé, á fi tú omi àti afẹ́fẹ́ náà jáde. Nítorí náà, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ bi ilé ìwòsàn kankan ni pé: ṣé ẹ ní rọ́bà yìí, ta ló sì mọ̀ ọ́n lò? Lẹ́yìn ìyẹn: bí mo bá pè ní aago méjì òru, ta ni yóò gbé e, ibo ni yóò sì ti máa bọ̀? Bí dókítà bá ń gbé Gwagwalada tí ẹṣin yín sì wà ní Bwari, ẹ tètè mọ̀ pé ẹ nílò ẹlòmíràn tó sún mọ́ yín.

Ibì kan wà tí mo ti máa ń dá dókítà gidi mọ̀: ó ń kọ́ ọmọ tó ń tọ́jú ẹṣin. Bí ara ẹṣin àgbà bá dá, tó sì sinmi, ìgbóná ara rẹ̀ á wà láàárín 37.5 sí 38.5 lórí ìwọ̀n Celsius, ọkàn rẹ̀ á sì máa lù ní ìgbà 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan. Ọmọ tó bá lè wọn èyí, tó sì lè sọ ọ́ lórí fóònù, ti ràn dókítà lọ́wọ́ kó tó dé.

Àṣìṣe kejì ni pé a ń ka ẹnikẹ́ni tó bá mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ sí dókítà. Ẹni tó ń ta oògùn ẹran lọ́jà lè mọ màlúù dáadáa, kó má mọ ẹṣin rárá. Ẹ wo penicillin oní-procaine, oògùn funfun bíi wàrà yẹn. Inú ẹran ara la ń gún un sí. Bó bá bọ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹṣin lè ta gìrì, kó ṣubú, kó sì kú lójú yín. Veterinary Council of Nigeria ló ń forúkọ dókítà ẹranko sílẹ̀. Ẹ ní kó fi ìwé àṣẹ rẹ̀ hàn yín. Ẹni tó ní i kò ní bínú.

Àmọ́ ìwé àṣẹ nìkan kò tó. Dókítà tó mọ ajá ní Wuse, tàbí èyí tó ń wo adìẹ káàkiri oko, lè má fọwọ́ kan ẹṣin láti ìgbà tó ti jáde yunifásítì. Mo ní ìbéèrè kan tí mo fẹ́ràn fún irú wọn: bí dúsà (èèrí ọkà tí a fi ń bọ́ ẹṣin) bá wọ́n, ṣé mo lè fún ẹṣin mi ní oúnjẹ adìẹ? Bó bá ní kò séwu, ẹ dìde. Wọ́n máa ń po oògùn bíi monensin mọ́ oúnjẹ adìẹ, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì tó láti ba ọkàn ẹṣin jẹ́. Ẹ tún bi í bóyá ó ní fáìlì tí a fi ń rẹ́ eyín ẹṣin. Eyín tó mú ń gé ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ahọ́n, ẹṣin á máa tu koríko jíjẹ dànù, á sì máa rù, àwa á máa pe gbogbo rẹ̀ ní aràn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó mọṣẹ́, ẹ lọ bi àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin ní pápá pólò Kàdúná tàbí Kano; ẹ fi àwọn ọ̀gá tó ń gùn wọ́n sílẹ̀. Kí dókítà yín sì lè sọ ibi tí yóò gbé ọ̀rọ̀ tó ju agbára rẹ̀ lọ sí, bóyá ilé ìwòsàn ẹranko ti Ahmadu Bello University ní Zaria.

Àwọn kan fẹ́ dókítà tí kì í kọ̀. Ẹṣin ń tiro, Iléyá ku ọ̀la, ẹ ní kó gún un ní oògùn ìrora kó lè jó níwájú ọba. Ó gún un, ẹṣin jó, ẹsẹ̀ náà sì bàjẹ́ tán. Phenylbutazone ń pa ìrora ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ń lò ó ní àlòjù, ó ń dá egbò sínú ẹṣin, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Dókítà tó bá sọ fún yín pé “rárá, ẹ má gùn ún lọ́dún yìí” ni kí ẹ dì mú.

Kí ẹ tó kó ẹṣin lọ sí Ìjẹ̀bú, ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́ ń ra ẹṣin láti Òkè Ọya, igbó sì ń pa wọ́n nítorí eṣinṣin tsetse. Eṣinṣin náà ṣì wà, òun ló ń gbé àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn Hausa ń pè ní sammore. Bí ẹṣin bá padà dé tó ń rù, tí ibà ń ṣe é, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ẹ̀jẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ẹni tó ń gún un ní Berenil, oògùn àrùn yìí, láìwo ẹ̀jẹ̀ ń fi ẹṣin yín dánrawò. Ẹṣin kì í fara da oògùn yẹn bíi ti màlúù.

Ti owó kò gùn: ẹ bèèrè iye tí wọ́n ń gbà fún ìrìn òru àti iye tí wọ́n ń gbà fún ọ̀sán, kí ẹ sì mọ ẹni tí yóò san owó epo ọkọ̀, kó má di àríyànjiyàn nígbà tí ẹṣin bá wà nílẹ̀.