Bí ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe ń yan CMS, tó sì ń kó wẹ́bsáìtì rẹ̀ wọ inú rẹ̀

Bí wẹ́bsáìtì ilé-iṣẹ́ yín bá ti kọjá ọgọ́rùn-ún ojú-ewé, tí ẹ̀ka bíi mẹ́fà sì ń gbé ìròyìn sí i, ẹ nílò CMS tó lágbára: ètò tó ń jẹ́ kí akọ̀wé tí kò mọ kóòdù kọ nǹkan, kí ọ̀gá rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kó tó jáde síta. Mo ti rí ilé-ìwé àti ọ́fíìsì l'Abẹ́òkúta níbí tó náwó sí iṣẹ́ yìí tí kò yọrí. Lọ́pọ̀ ìgbà, CMS tí wọ́n yàn kọ́ ló fà á. Kíkó ohun tó wà lórí wẹ́bsáìtì àtijọ́ wá sórí tuntun ló dà wọ́n láàmú, torí ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yan ènìyàn. Ẹnì kan ṣoṣo ni kí wẹ́bsáìtì wà níkàáwọ́ rẹ̀, kí ọ̀gá àgbà fún un ní lẹ́tà, kí gbogbo ẹ̀ka sì mọ̀ ọ́n. Ìgbìmọ̀ kì í bójú tó wẹ́bsáìtì. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á wá mú akọ̀wé kan wá, pẹ̀lú ẹni tí yóò máa fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ẹ wádìí ẹni tí àdírẹ́sì wẹ́bsáìtì yín wà lórúkọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọkùnrin tó kọ́ ọ nígbà yẹn lọ́hùn-ún ni, ẹ gbà á sí orúkọ ilé-iṣẹ́ kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn, lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí NiRA, àjọ tó ń bójú tó .ng, fọwọ́ sí. Ẹni tó ti japa lọ sí Kánádà kò ní sáré gbé fóònù yín lọ́jọ́ tí owó ọdún bá tán lórí rẹ̀.

Yíyàn rọrùn ju bí àwọn tó ń tà á ṣe ń sọ lọ. Sitecore àti Adobe Experience Manager, CMS méjì tí wọ́n ń tà, lágbára, ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò owó wọn, náírà sì ni ẹ ń pa. Drupal tó jáde lọ́dún 2001 àti WordPress tó jáde lọ́dún 2003 kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ lò wọ́n. Owó ẹni tó máa gbé e kalẹ̀ àti owó server, kọ̀ǹpútà tí wẹ́bsáìtì ń gbé, ni ẹ máa san. Bí ìròyìn àti ìkéde bá ni iṣẹ́ yín, ẹ mú WordPress, torí bí ẹni tó kọ́ ọ bá lọ lọ́la, ẹ máa rí ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n nínú ìlú. Bí ẹ̀ka yín bá pọ̀, tí ẹ ò fẹ́ kí akọ̀wé ẹ̀ka kan fọwọ́ kan ojú-ewé ẹ̀ka kejì, tí ẹ sì fẹ́ èdè méjì, Drupal ni mo máa ń mú. Èdè púpọ̀ àti kí ọ̀gá fọwọ́ sí iṣẹ́ kó tó jáde wà nínú rẹ̀ láti ilẹ̀. Ẹni tó bá ṣì wà lórí Drupal 7, kó tètè dìde: ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 2025 ni àtìlẹ́yìn rẹ̀ parí.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ẹ gbé e fún akọ̀wé tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá, kó fi fóònù gbé ìkéde kan àti àwòrán síta láìsí ẹni tó ń kọ́ ọ. Ẹ wá tẹ "Abẹ́òkúta" sí i tàmìtàmì. Lẹ́tà bíi ẹ́ kò ní àyè kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò; ẹ àti àmì orí rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń so pọ̀. Bí database, ibi tí CMS ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sí, bá wà lórí latin1, ọ̀nà ìtọ́jú lẹ́tà àtijọ́ tí kò gba lẹ́tà bíi ẹ, àmì ìbéèrè ló máa jáde. utf8mb4, èyí tó gba gbogbo lẹ́tà, ni kí ẹ ní kí wọ́n lò. Ẹ tún wò ó bóyá ẹni tó bá wá "Abeokuta" láìsí àmì yóò rí i. Ìlú yìí ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní Yorùbá lọ́dún 1859; kò yẹ kí wẹ́bsáìtì tiwa máa ba orúkọ ìlú jẹ́.

Ó wá kan ìkólọ. Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kóòdù, ẹ kọ gbogbo ojú-ewé àtijọ́ sílẹ̀. Screaming Frog, ètò tó ń ṣa líǹkì wẹ́bsáìtì jọ, yóò kó 500 líǹkì jọ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ṣí sitemap.xml, fáìlì tó to líǹkì wẹ́bsáìtì yín, kí ẹ dà á kọ. Ẹ ò nílò láti ra Excel, LibreOffice Calc ni mo ń lò. Òpó márùn-ún ni: líǹkì àtijọ́, ẹ̀ka tó ni ín, ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn, ìdájọ́, líǹkì tuntun. Ìdájọ́ kò ju mẹ́ta lọ: gbé e lọ, tún un kọ, pa á rẹ́.

Ojú-ewé tí ẹnikẹ́ni kò bá jẹ́wọ́ pé òun ló ni ín, ẹ má gbé e lọ. Àwọn ẹ̀ka á ní, "Ẹ ṣáà kó gbogbo rẹ̀." Ẹ má gbà fún wọn. Ẹni tó ń kó lọ sílé tuntun kì í di pàǹtí mọ́ ẹrù. Orúkọ ọ̀gá tó ti fẹ̀yìn tì, iye owó ilé-ìwé àtijọ́, nọ́ńbà fóònù tí kò lọ mọ́: gbogbo rẹ̀ ló máa yọjú nígbà tí ènìyàn bá wá nǹkan, ẹni tó rí i á sì gbà á gbọ́ torí pé wẹ́bsáìtì tuntun ló wà.

Ẹ ṣí PDF kọ̀ọ̀kan, ẹ má fojú orúkọ fáìlì wò ó. Inú wọn ni nọ́ńbà fóònù àti ọjọ́ ìbí àwọn ènìyàn máa ń wà, òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 kò sì gbà kí ẹ kàn máa fi irú rẹ̀ síta bẹ́ẹ̀.

Líǹkì àtijọ́ tó bá yí padà gbọ́dọ̀ ní 301, ìyẹn àṣẹ tó ń darí ènìyàn lọ sí líǹkì tuntun. Mo mọ ilé-ìwé kan tí líǹkì fọ́ọ̀mù rẹ̀ ti wà lórí ìwé ìkéde tí wọ́n tẹ̀ kiri ìlú. Ọjọ́ tí wẹ́bsáìtì tuntun jáde, gbogbo òbí tó tẹ̀ ẹ́ ló bá 404, ìyẹn "ojú-ewé yìí kò sí", pàdé. Ẹ má sì darí gbogbo líǹkì sí ojú-ewé àkọ́kọ́. Ẹni tó ń wá fọ́ọ̀mù kò mọ ohun tó máa ṣe níbẹ̀, Google náà á sì kà á sí ojú-ewé tí kò sí.

Ìròyìn tó ní ọjọ́ àti àkọlé, ẹ lè fi script, kóòdù kékeré tó ń dá ṣiṣẹ́, kó o. Ìyókù, ọwọ́ ni. Ohun tó bá ti inú Word wá, ẹ kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ sínú Notepad kí ìdọ̀tí ara rẹ̀ lè bọ́. Àwòrán fóònù, ẹ fi Squoosh dín in kù sí píksẹ́lì 1200 ní fífẹ̀, torí dátà wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó ń ka yín.

Àdírẹ́sì ìdánwò tí Google kò lè rí ni kí ẹ ti ṣe gbogbo èyí. Lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, ẹ rántí ṣí i padà fún Google; nínú WordPress, àpótí kékeré kan ni, mo sì ti rí ibi tí wọ́n gbàgbé rẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ẹ̀dà àfipamọ́ mẹ́ta, oríṣi ibi ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà lóde Abẹ́òkúta.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kí ẹ ṣí i, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí gbogbo ènìyàn ń lọ sílé. Ẹ fi server àtijọ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹni tí wẹ́bsáìtì wà níkàáwọ́ rẹ̀ ṣí àkọsílẹ̀ 404, kó fi 301 sí líǹkì tí àwọn ènìyàn ṣì ń tẹ̀, títí tí kò fi ní rí tuntun mọ́.