Bí a ṣe ń wá ìdí ìṣòro Workload Manager lórí sáfà AIX

Nígbà tí iṣẹ́ kan bá ń wọ́ lórí sáfà AIX (ètò ìṣiṣẹ́ ilé-iṣẹ́ IBM) tí Workload Manager, irinṣẹ́ tó ń pín agbára ẹ̀rọ láàrin àwọn iṣẹ́, ń darí, ohun tí ọ̀pọ̀ alábòójútó máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á bu kún ìpín iṣẹ́ náà. Mo bẹ̀ yín, ẹ mú ọwọ́ kúrò lára ìpín ná. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni èyí: inú kíláàsì wo gan-an, ìyẹn àkójọ iṣẹ́ tí Workload Manager ń fún ní ìpín àti ààlà, ni iṣẹ́ yẹn wà? Bí ìpín kíláàsì kan ti wù kó pọ̀ tó, kò lè ran iṣẹ́ tí kò sí nínú rẹ̀ lọ́wọ́, ohun tí mo sì máa ń bá jù ni pé iṣẹ́ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ṣe wàhálà wà nínú kíláàsì mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò fi ọkàn sí.

Workload Manager ti wà nínú AIX fúnra rẹ̀ láti ìgbà ẹ̀dà 4.3.3, tó jáde ní ọdún 1999. Ó máa ń pín CPU, mẹ́mọ́rì àti kíkà òun kíkọ orí dísìkì láàrin àwọn kíláàsì. Abẹ́ /etc/wlm ni ìṣètò rẹ̀ wà: ìṣètò kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀, tí fáìlì classes, shares, limits àti rules wà nínú rẹ̀, líǹkì kan tó ń jẹ́ current sì ń tọ́ka sí èyí tí à ń lò lọ́wọ́. Kí ẹ tó tún ohunkóhun ṣe, ẹ fi cp -rp da fódà náà kọ sí ibòmíràn, kí ẹ lè rí ibi padà sí.

Ẹ fi àṣẹ wlmcntrl -q bẹ̀rẹ̀. Yóò sọ fún yín bóyá Workload Manager ti dúró, bóyá ó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún, tàbí bóyá ó wà ní ipò ìwòran, ìyẹn ipò tó ti ń to iṣẹ́ sí kíláàsì tó sì ń ka ohun tí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ń lò, ṣùgbọ́n tí kì í dá ẹnikẹ́ni dúró. Ipò kẹta yìí ló máa ń tan ènìyàn jẹ, nítorí pé gbogbo nọ́ńbà tí wlmstat ń fi hàn á pé, síbẹ̀ kò sí ààlà kankan tó múlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lo ls -l /etc/wlm/current láti rí i pé fódà tí ẹ ń tún ṣe ni líǹkì náà ń tọ́ka sí. Bí ó bá jẹ́ òun, ẹ rántí pé títún fáìlì kọ nìkan kò yí ohunkóhun padà, àfi tí ẹ bá fi wlmcntrl -u gbé ìṣètò tuntun náà wọlé.

Wàyí o, ẹ wá iṣẹ́ náà rí. Àṣẹ méjì ló máa ń tó:

ps -eo pid,user,class,args
wlmstat -v

Èkínní yóò kọ orúkọ kíláàsì síwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nínú èkejì, ẹ wo òpó #pr, tó ń sọ iye iṣẹ́ tó wà nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Bí kíláàsì tí ẹ dìídì dá sílẹ̀ bá ní òdo níbẹ̀, tí Default, kíláàsì tí iṣẹ́ tí òfin mìíràn kò mú ń bọ́ sí, sì kún fọ́fọ́, òfin tó ń to iṣẹ́ sí kíláàsì ni kò mú iṣẹ́ náà, inú fáìlì rules sì ni ẹ gbọ́dọ̀ lọ.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a dúró pẹ́ díẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì rules ní orúkọ kíláàsì, àyè kan tí a kì í lò, orúkọ aṣàmúlò, ẹgbẹ́, ojú ọ̀nà ètò náà, irú iṣẹ́, àti àmì ìdánimọ̀ (tag) tí a so mọ́ iṣẹ́. Àmì ìdáṣẹ́ kékeré (-) túmọ̀ sí pé ohunkóhun bá a mu, àmì ìyanu (!) sì túmọ̀ sí pé kí a yọ orúkọ náà kúrò. Láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni ó ń kà wọ́n, ìlà àkọ́kọ́ tó bá bá iṣẹ́ náà mu ló sì máa ń mú un. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí:

gbogbo - !root - - - -
dbase - dbadmin - /opt/db/bin/dbserver - -
System - root - - - -
Default - - - - - -

Ìlà kejì kò ní mú iṣẹ́ kankan láéláé, nítorí pé dbadmin kì í ṣe root, ìlà kìíní sì ti gbé e lọ. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju kí a gbé ìlà dbase lọ sókè: òfin tó ṣe pàtó ni kó ṣáájú, èyí tó gbòòrò ni kó tẹ̀ lé e.

Bí ètò ìlà bá tọ́, tí iṣẹ́ náà kò sì tíì wọ kíláàsì rẹ̀, ẹ yẹ ojú ọ̀nà ètò náà wò. Ó gbọ́dọ̀ pé láti orí / títí dé ìparí, fáìlì náà sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí Workload Manager ń ka òfin. Lórí sáfà tí Workload Manager ti ń tètè gbéra nígbà tí ẹ̀rọ ń jí, ètò tó wà lórí fáìlì-sísítẹ́ẹ̀mù tí a kò tíì so mọ́ ẹ̀rọ lásìkò náà kò ní ṣeé rí. Ẹ fi wlmcntrl -u kún ìgbésẹ̀ tó ń tẹ̀ lé ìsopọ̀ náà. Àṣẹ wlmcheck ló dára jù fún irú àyẹ̀wò yìí, nítorí pé ó máa ń yẹ àwọn òfin náà wò fún àṣìṣe. Bí ó bá jẹ́ ìwé àṣẹ ṣẹ́ẹ̀lì ni ẹ fẹ́ mú, ẹ mọ̀ pé ṣẹ́ẹ̀lì tó ń ka ìwé náà, bí àpẹẹrẹ /usr/bin/ksh, ni ẹ̀rọ rí gẹ́gẹ́ bí ètò, kì í ṣe ìwé náà. Orúkọ aṣàmúlò, ẹgbẹ́ tàbí àmì ìdánimọ̀ ni ẹ máa fi dá a mọ̀.

Ohun méjì tún wà tó lè borí òfin. Bí kíláàsì òbí bá ní inheritance=yes, gbogbo iṣẹ́ ọmọ tó bá bí yóò jókòó sínú kíláàsì òbí láìka ohun tí rules wí sí. Èkejì ni iṣẹ́ tí ẹnìkan ti fi wlmassign gbé lọ síbì kan lọ́jọ́ pàjáwìrì tí kò sì rántí dá a padà. Àṣẹ wlmassign -u pẹ̀lú nọ́ńbà iṣẹ́ náà ni yóò tú u sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí a bá ti rí i dájú pé iṣẹ́ náà wà nílé ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ààlà ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Nínú fáìlì limits, ìlà bíi CPU = 0%-50%;80% ń sọ ààlà ìsàlẹ̀, ààlà òkè tó rọ̀, àti ààlà òkè tó le. Iṣẹ́ lè kọjá èyí tó rọ̀ nígbà tí kò sí ẹni tó ń bá a du CPU, ṣùgbọ́n kò lè kọjá èyí tó le kódà bí CPU bá ṣófo. Nítorí náà, bí ẹ bá rí iṣẹ́ tó ń falẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí CPU rẹ̀ kò níṣẹ́ ṣe, ààlà líle ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí:

chclass -c hardmax=100 dbase
wlmcntrl -u

Ti mẹ́mọ́rì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kíláàsì tó bá kan ààlà líle mẹ́mọ́rì á bẹ̀rẹ̀ sí í lé ojú ewé mẹ́mọ́rì ara rẹ̀ jáde sórí dísìkì nígbà tí mẹ́mọ́rì ṣì kù nílẹ̀, òpó pi àti po nínú vmstat á sì máa ga sókè. Ní tèmi, n kò rí ìdí láti fi ààlà yìí sí kíláàsì tó ṣe pàtàkì.

Ní ti ìpín, kíláàsì tó níṣẹ́ lọ́wọ́ tí wọ́n sì wà ní ìpele (tier) kan náà nìkan ni a máa ń fi wéra. Bí kíláàsì mẹ́ta bá ní 15, 10 àti 5, ti àkọ́kọ́ jẹ́ 50%. Bí ẹni tó ní 5 kò bá níṣẹ́ kankan, ó di 60%. Ṣùgbọ́n ìpele 0 máa ń jẹun ṣáájú ìpele 1, nítorí náà ìpín ńlá ní ìpele 1 lè má já mọ́ nǹkan kan bí ìpele 0 bá ń jẹ ohun gbogbo tán.

Bí ó bá ṣì rú yín lójú, ẹ fi wlmcntrl -p gbé e sí ipò ìwòran fún ìgbà díẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá yá, ọ̀kan nínú àwọn ààlà tàbí ìpín ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Bí kò bá yá, ẹ wo ìta: ó lè jẹ́ iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n fún ní ipò ìṣáájú (priority) CPU tí kì í yí padà, èyí tí Workload Manager kò lè darí, ó sì lè jẹ́ LPAR, ìyẹn apá ẹ̀rọ tí a yà sọ́tọ̀ fún AIX yìí, fúnra rẹ̀. Bí lparstat -i bá kọ Capped sí iwájú Mode, tí òpó %entc nínú lparstat sì ń sún mọ́ 100, ìwọ̀n CPU tí wọ́n fún LPAR náà ló ti tán, orí HMC, kọ̀ǹsóòlù tí a fi ń darí ẹ̀rọ àti àwọn LPAR rẹ̀, ni ẹ ó sì ti tún un ṣe, kì í ṣe abẹ́ /etc/wlm.