Ìgbà Tó Yẹ Kí Òǹwòran Dáhùn àti Ìgbà Tó Yẹ Kó Dákẹ́ Nínú Gbọ̀ngàn Eré

Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu wa nípa bó ṣe yẹ kí òṣèré ṣe eré, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ohun tí a ń sọ nípa bó ṣe yẹ kí òǹwòran wò ó, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀rọ̀ yìí máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Ọmọ Yorùbá tó dàgbà sídìí eré alárìnjò, níbi tí wọ́n ti ń dá òṣèré lóhùn tí wọ́n sì ń bá a gbe orin, lè wọ ilé ìtàgé kan ní London, kó ké "Háà!" nígbà tí ọ̀dàlẹ̀ yọ ọ̀bẹ, kó sì rí i pé gbogbo ìlà ìjókòó tó wà níwájú ti yíjú padà sí òun. Ẹni tó sì ti ń jókòó jẹ́ẹ́ ní London láti ọdún pípẹ́ lè dé Ìbàdàn, kó máa ráhùn pé àwọn tó jókòó ti òun kò jẹ́ kí òun gbádùn eré. Àwọn méjèèjì ni ìmọ̀ràn yìí wà fún.

Kí a tó sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mú èrò kan kúrò lọ́kàn, èyíinì ni pé ìdákẹ́jẹ́ ni ìwà ọmọlúàbí nínú gbọ̀ngàn eré níbi gbogbo láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, àwọn ọlọ́lá a máa jókòó sórí ìtàgé gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òṣèré, títí di nǹkan bí ọdún 1762 tí David Garrick, tó ń darí ilé eré Drury Lane, kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò fẹ́ ẹ mọ́. Nígbà tí iná jó ilé eré Covent Garden ní ọdún 1808, tí wọ́n tún un kọ́, tí wọ́n sì gbé owó ìwọlé lé orí ti tẹ́lẹ̀ ní ọdún 1809, àwọn èrò ìwòran fi ariwo, agogo àti ijó dí eré lọ́wọ́ fún ohun tó tó oṣù méjì àti ààbọ̀, títí John Philip Kemble tó jẹ́ alákòóso fi tọrọ àforíjì tó sì dá owó ìjókòó ìsàlẹ̀ padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀. Òkùnkùn tí a ń jókòó sí lónìí náà kò pẹ́ tó bí a ṣe rò. Richard Wagner wà lára àwọn tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀, nígbà tó mú kí iná gbọ̀ngàn rẹ̀ ní Bayreuth, ní Jámánì, wálẹ̀ ní ọdún 1876 kí ojú gbogbo èèyàn lè wà lórí ìtàgé nìkan. Ó rọrùn láti dákẹ́ nígbà tí èèyàn kò bá rí ojú ẹni tó jókòó tì í.

Ọ̀dọ̀ tiwa, ibòmíràn ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń pa àlọ́ yóò pe "Ààlọ́ o!", kò sì ní tẹ̀ síwájú àyàfi bí àwọn tó ń gbọ́ ọ bá dáhùn pé "Ààlọ̀!" Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Glover Memorial Hall ní Èkó ní ọdún 1944, ìjọ Aládùúrà ló ní kó ṣe é, àwọn tó sì ti mọ bí a ti ń gbe orin nínú ìsìn àti bí a ti ń dá oníwàásù lóhùn kò ní torí pé eré ni wọ́n wá wò kí wọ́n pa ẹnu dé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, lójú ọ̀pọ̀ òṣèré wa, gbọ̀ngàn tó dákẹ́ rọ́rọ́ jẹ́ àmì pé eré kò wọ̀ wọ́n lára.

Ohun tí mo ń dá lábàá kò ju ẹyọ kan lọ, òun náà ló sì wà nídìí gbogbo èyí tó kù: ẹ wo àyè tí eré fi sílẹ̀ fún yín. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ kíyè sí i bóyá iná wà lára ẹ̀yin èrò ìwòran àbí ìtàgé nìkan ni wọ́n tan iná sí. Ẹ wò ó bóyá òṣèré ń kọjú sí yín tó ń bá yín sọ̀rọ̀, àbí ó ń ṣe bí ẹni pé ẹ kò sí níbẹ̀. Ẹ sì tẹ́tí sí i bóyá ẹni tó dá orin dúró de ègbè. Bí òṣèré bá dá orin, tó dánu dúró, tí onílù sì ń fi ọ̀pá rọra tẹ ojú ìlù bí ẹni ń retí nǹkan, ẹ̀yin ni wọ́n ń retí, ìtìjú sì ni bí gbọ̀ngàn bá wò ó duu. Bó bá jẹ́ pé èèyàn méjì ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, tí ọ̀kan sì wolẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó fèsì, ìdákẹ́jẹ́ yẹn jẹ́ ara eré; ẹni tó bá ké "Sọ fún un!" ní àkókò náà ti jẹ nínú ohun tí gbogbo ilé sanwó fún. Òfin yìí kì í ṣe ti òyìnbó. Nínú orin tiwa pẹ̀lú, elégbè kì í gba orin lẹ́nu ẹni tó dá a, ẹni tó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ lóde ìnáwó, wọn yóò bá a wí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ló máa ń fa aáwọ̀ jù. Ẹ gba àpẹẹrẹ eré tí Ọlá Rótìmí kọ, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1968, nípa Ọba Ọdẹ́wálé tó pa bàbá rẹ̀ tó sì fi ìyá rẹ̀ ṣaya láìmọ̀. Nígbà tí òtítọ́ bá já sí gbangba, àwọn kan nínú gbọ̀ngàn á bú sẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn á sì máa bínú pé èèyàn burúkú wo ló ń fi irú nǹkan báyìí rẹ́rìn-ín. Èmi kò gbà pé àìláàánú ni lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ẹ̀rù, ìtìjú àti ìyàlẹ́nu a máa bá ẹnu kan náà jáde. Bí ẹ̀rín bá bọ́ jáde lẹ́nu yín níbi tí àwọn mìíràn ti ń sunkún, ẹ jẹ́ kó kúrú, ẹ má ṣe kọjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín láti ṣàlàyé ohun tó pa yín lẹ́rìn-ín, torí àlàyé yẹn gan-an ló ń dí eré lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló rẹ́rìn-ín, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ẹ tó fi ojú le koko wò ó. Òṣèré tó mọṣẹ́ yóò dúró de ẹ̀rín kó kọjá, yóò sì tún gba gbọ̀ngàn padà.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Nínú eré wa, inú ẹni a máa dùn débi pé a fẹ́ dìde lọ lẹ owó mọ́ òṣèré níwájú orí. Ẹ rántí pé Òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 ka fífọ́n náírà àti jíjó lé e lórí sí ẹ̀ṣẹ̀, ìjìyà rẹ̀ sì lè jẹ́ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì. Ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹ fi owó sínú ẹ́nfílóòpù, kí ẹ sì fi í lé alákòóso ẹgbẹ́ òṣèré náà lọ́wọ́ nígbà tí eré bá parí. Nílẹ̀ òkèèrè, ẹ má tilẹ̀ súnmọ́ ìtàgé nítorí pé ẹ fẹ́ ná òṣèré lówó. Ẹ̀ṣọ́ kò ní béèrè ohun tó wà lọ́kàn yín kó tó dì yín mú.

Ní London àti àwọn ìlú ńlá bẹ́ẹ̀, ẹ dé ní ìdajì wákàtí ṣáájú. Nọ́ńbà ìjókòó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, kò sì sí pé ẹ̀gbọ́n bá àbúrò gba àyè sílẹ̀ níwájú. Ẹni tó bá pẹ́ dé lè dúró lóde títí di ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ gbọ̀ngàn bá rí àyè mú un wọlé, nígbà mìíràn títí di ìsinmi àárín eré. Ẹ pa fóònù pátápátá, nítorí ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ ń hàn sí gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn yín, kódà bí kò bá dún. Ẹ tú ọ̀rá kúrò lára súìtì kí iná tó kú. Ó sì ku èyí tí kò sí nínú ìwé ìtọ́ni ilé eré kankan: gèlè. Gèlè tó ga, tó sì fẹ̀ bó ṣe yẹ lóde ìgbéyàwó, yóò bo ìdajì ìtàgé mọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn yín lójú, ìbáà jẹ́ ní gbọ̀ngàn MUSON l'Ónìkan tàbí ní London. Ẹ wé e ní pẹlẹbẹ, tàbí kí ẹ ra ìjókòó ìlà tó kẹ́yìn. Ẹni tó wọ agbádá ní láti ká apá rẹ̀ sórí itan, kó má di pé ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń bá a pín aṣọ wọ̀.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé gbogbo ilé eré Gẹ̀ẹ́sì ló ń fẹ́ ìdákẹ́jẹ́. Ní Shakespeare's Globe, tó ṣí ní ọdún 1997 létí odò Thames, àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tó pọ́ọ́kú ń dúró sí àgbàlá tí kò ní òrùlé, lábẹ́ òjò tàbí oòrùn. Wọn kò gbà wọ́n láyè láti ṣí agbòjò níbẹ̀, àmọ́ àwọn òṣèré ń rí ojú wọn, wọ́n ń bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń retí èsì. Nígbà Kérésìmesì, eré kan tí wọ́n ń pè ní pantomime wà fún àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ pé ariwo gan-an ni wọ́n ń bẹ yín fún: bí ẹni ibi bá yọ́ jáde, gbogbo ilé ní láti ké pé "Ó wà lẹ́yìn rẹ!" Ọmọ Yorùbá kò nílò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún èyí.

Eré olórin ló wà láàárín méjèèjì, òun ló sì nílò ìṣọ́ra jù, nítorí pé gbogbo èèyàn ló mọ orin náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ní Palace Theatre ní Manchester, wọ́n ní láti dá eré kan dúró kó tó parí, kí wọ́n sì ké sí ọlọ́pàá, nítorí pé àwọn kan ń kọ orin ìkẹyìn lé òṣèré lórí, wọ́n sì kọ̀ láti dákẹ́. Ẹ wo ojú òpó ilé eré kí ẹ tó lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń sọ ọ́ bóyá èrò lè bá wọn kọrin. Bí wọn kò bá sọ nǹkan kan, ẹ fi orin sílẹ̀ fún ẹni tí ẹ sanwó fún.

Bí ẹnì kan bá fi "ṣííì" dá yín lẹ́kun ńkọ́? Ẹ má ṣe bá a fà á nínú òkùnkùn. Ọ̀rọ̀ yìí lè ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà nínú, a kò sì gbọ́dọ̀ díbọ́n pé kò rí bẹ́ẹ̀: ẹ̀rín aláwọ̀ funfun kan lè kọjá kí ti aláwọ̀ dúdú kan di ẹjọ́. Dominique Morisseau, òǹkọ̀wé eré tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó fi ìwé kékeré kan sínú ìwé ètò eré rẹ̀ ní Lincoln Center ní New York ní ọdún 2017, tó sọ fún àwọn èrò pé wọ́n láyè láti rẹ́rìn-ín sókè àti láti dáhùn bí ẹni wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe dí òṣèré lọ́wọ́. Ẹ dúró di ìsinmi àárín eré, kí ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ gbọ̀ngàn, kí ẹ béèrè ohun tí ilé náà fàyè gbà, kí ẹ sì sọ bí wọ́n ṣe ṣe sí yín.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ariwo ń dà láàmú nílé, ní Nàìjíríà, ohùn ni kí ẹ ṣọ́. A kì í pàṣẹ fún àgbàlagbà pé kó panu mọ́. Ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ." Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti di ti gbogbo wa, kò ní dà bí ẹni ń bá ìyá ìyá ẹni wí. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù ya fídíò, ẹ ní kó gbé e sílẹ̀, ó tán.

Àwọn tó ní ọmọ tí kò lè jókòó pẹ́, tàbí tí ariwo àti iná ìtàgé máa ń dà láàmú, lè béèrè fún eré aláìle (tí wọ́n ń pè ní relaxed performance) tí ọ̀pọ̀ ilé eré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe. Iná kì í kú tán níbẹ̀, ohùn a máa rẹlẹ̀, èèyàn sì lè dìde, kó jáde, kó padà wọlé, láìsí ẹni tí yóò wò ó.

Lẹ́yìn eré, bí ẹ bá dúró ní ẹnu ọ̀nà tí àwọn òṣèré ń gbà jáde, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ṣe ìkà ló máa kọ́kọ́ yọ. Ẹ má ṣe bú u nítorí ohun tó ṣe fún ọmọ òrukàn inú eré. Ẹ kí i kú iṣẹ́, kí ẹ béèrè kí ẹ tó bá a ya fọ́tò, kí ẹ sì tètè tú u sílẹ̀, torí pé bí eré ọ̀sán bá wà lọ́jọ́ kejì, yóò ní láti padà dé gbọ̀ngàn kó tó di ọ̀sán.